Kí Ọmọ Wa Tó Wọ Ọkọ̀ Òfúrufú Lọ sí Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Láti Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí pé àsìkò tí àwọn ọmọ wa máa ń gbéra lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà tún ti ń sún mọ́lé. Apá ìparí oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, nítorí náà láti oṣù kẹfà ni ìpalẹ̀mọ́ ti máa ń gbóná ní Aṣẹ́rò, ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ní Ìbarà àti ní gbogbo àyíká FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní ìlú wa. A ó dáná, a ó pe ẹbí jọ, pásítọ̀ tàbí àlùfáà yóò gbàdúrà, a ó sì ra àpò ńlá méjì ní Kútọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé nínú gbogbo ìpalẹ̀mọ́ yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan jókòó ti ọmọ náà kí ó ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń gbalé níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rí dókítà, iye wákàtí tí òfin gbà á láyè láti fi ṣiṣẹ́, àti ohun tó ń dé bá ẹni tó bá kọjá ààlà yẹn. Ìwé kíkà kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wọn lágara ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí ọmọ tí wọ́n gbà wọlé níbẹ̀ ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wọ̀nyí ni.

Èmi náà gbé ní ìlú yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà nígbà tí mo ń kàwé gboyè kejì, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì padà wá ṣe nílé kí n tó fẹ̀yìntì, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi máa ń rán ọmọ wá sọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó lọ. Iye ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà lé ní 20,000 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023/2024. Nínú àwọn tí mo mọ̀ láti ìlú wa, àwọn tó lọ sí New York tàbí Houston kò pọ̀. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní FUNAAB sábà máa ń lọ sí àwọn yunifásítì tó jẹ́ pé òfin ọdún 1862 tí ìjọba Amẹ́ríkà fi yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ló fẹsẹ̀ wọn múlẹ̀: Iowa State ní ìlú Ames, Kansas State ní ìlú Manhattan ti ìpínlẹ̀ Kansas, Purdue ní West Lafayette, Mississippi State ní Starkville. Àwọn ìlú yìí kéré sí Abẹ́òkúta lọ́pọ̀lọpọ̀. Kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́ Márúwá, bọ́ọ̀sì a sì máa dín kù gan-an lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ físà kò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí òfin rẹ̀ ń yí padà lemọ́lemọ́ débi pé ohun tí mo bá kọ lónìí lè ti di àtijọ́ kí ìwé ìròyìn tó jáde. Ẹni tí tirẹ̀ ti bọ́ sí i ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti òbí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Níhìn-ín, onílé a máa gba owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó ajẹ́ǹtì àti owó àdéhùn, ọkàn ayálégbé á sì balẹ̀ pé òun ti san tòun tán. Níbẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n ń san án, èyí gan-an ló sì ń tan ọmọ wa jẹ: á rò pé bí oṣù bá ti parí, tí ilé náà kò wu òun mọ́, òun lè kẹ́rù òun jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí sábà máa ń dè é mọ́lẹ̀ fún oṣù méjìlá, bó bá sì jáde ní oṣù kẹrin, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti máa béèrè owó oṣù tó kù títí tí ẹlòmíràn yóò fi gba ilé náà. Bó bá jẹ́ àwọn mẹ́ta ló jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, tí ọ̀kan sì sá lọ, ọrùn àwọn méjì tó kù ni gbèsè rẹ̀ yóò bọ́ sí, àfi bí ìwé náà bá sọ ọ́ kedere pé kálukú ló ń san ti iyàrá tirẹ̀. Kí ọmọ ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó mú bírò. Kó béèrè bóyá owó omi, owó iná, owó ìmúlé-móoru àti ti íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú owó ilé tàbí wọ́n dá yàtọ̀, kó sì fojú ara rẹ̀ wo ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Ilé tí owó rẹ̀ fi 100 dọ́là dín sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀sì kì í dé ibẹ̀ mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú, ilé olówó gọbọi ni fún ẹni tí kò ní mọ́tò.

Owó tí à ń pè ní kọ́ṣọ̀n níhìn-ín wà níbẹ̀ náà, ó sì sábà máa ń tó owó oṣù kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òfin ìpínlẹ̀ máa ń dá ọjọ́ tí onílé gbọ́dọ̀ dá a padà fún ayálégbé, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fi èyí tó bá yọ níbẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá gba kọ́kọ́rọ́, kó tó tú ẹrù, kó ya fọ́tò gbogbo ògiri, ilẹ̀, ààrò àti ilé ìwẹ̀, kó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí onílé lórí í-meèlì lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kó má fi mọ sí orí fóònù, torí bí ìjà bá dé, ìwé ni wọn yóò béèrè. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní agbẹjọ́rò tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kì í sábà lọ síbẹ̀, bóyá nítorí pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti dárúkọ lọ́yà ti ń wá ìjà.

Àwọn gbájúẹ̀ náà wà níbẹ̀, kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á jí àwòrán ilé onílé gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní àwọn kò sí nílùú, pé kí ọmọ náà fi owó oṣù àkọ́kọ́ àti kọ́ṣọ̀n ránṣẹ́ láti Nàìjíríà kí àwọn lè fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí i. Kò sí ilé, kò sí kọ́kọ́rọ́. Ohun tó bójú mu ni kó gba iyàrá nínú ọgbà yunifásítì fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí kó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ kí wọ́n bá a wá ibi tí yóò wọ̀ sí fún ìwọ̀nba ọjọ́, kó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé tó fẹ́ gbà. Bó bá sì ti kó láti ilé kan sí òmíràn, kó jẹ́ kí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè mọ àdírẹ́sì tuntun náà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Òfin ni.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló tẹ̀ lé e, ó sì ju ti ilé lọ nínú ohun tó lè dá ẹbí kan ní gbèsè. Ètò adójútòfò ìlera ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn dá lé níbẹ̀, yunifásítì sì sábà máa ń fi owó rẹ̀ kún owó ilé ìwé. Mo ti rí òbí tó bínú sí owó yìí, tó ní ọmọ òun kì í ṣàìsàn, tó fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ọ́ láìjẹ́ pé òmíràn tí yunifásítì fọwọ́ sí wà nílẹ̀. Kí ọmọ náà sì mọ̀ pé níní káàdì adójútòfò kò túmọ̀ sí pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú. Iye kan wà tí aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san lọ́dún láti inú àpò ara rẹ̀ kí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tiwọn, iye kan tún wà tó máa ń san nígbàkúùgbà tó bá rí dókítà, dókítà tí kò bá sì sí nínú àkọsílẹ̀ wọn yóò wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kó lọ bí ara kò bá yá ni ilé ìwòsàn inú ọgbà yunifásítì, tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá wà fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bẹ nínú ewu. Láti ọdún 1986 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún wọn láti yẹ ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ wò kí wọ́n sì mú ara rẹ̀ dúró, yálà ó lówó tàbí kò ní, ṣùgbọ́n ìwé owó ń bọ̀ lẹ́yìn, owó ọkọ̀ pàjáwìrì nìkan sì lè tó owó ilé oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀mí, kó tẹ 911, kó má ro owó.

Ohun méjì kan wà tí àwa òbí lè ṣe láti ilé. Eyín àti ojú sábà máa ń wà lọ́tọ̀ sí adójútòfò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà kí ọmọ tójú eyín rẹ̀, kó sì ṣe awò ojú méjì, kó tó kúrò ní Abẹ́òkúta. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà ní ẹ̀ka àwọn méjèèjì. Èkejì ni ìwé àjẹsára. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń béèrè ẹ̀rí pé ọmọ gba abẹ́rẹ́ èéyi, ṣegede àti rùbẹ́là lẹ́ẹ̀mejì, bí kò bá sì ní, yóò tún un gbà níbẹ̀ lówó iyebíye. Wọ́n tún máa ń yẹ àwọn tó ti ilẹ̀ wa wá wò fún ikọ́ ife. Abẹ́rẹ́ BCG tí a gbà lọ́mọdé láti dènà ikọ́ ife náà lè mú kí àyẹ̀wò orí awọ ara sọ pé kòkòrò náà wà lára nígbà tí kò sí, nítorí náà kí ọmọ sọ pé òun ti gba BCG, kó sì béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí BCG kì í dà rú.

Lórí ibà, mo fẹ́ kí gbogbo òbí fi èyí sọ́kàn. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn Abẹ́òkúta fi sílẹ̀ lára ọmọ lè má fara hàn títí tí yóò fi lo ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan níbẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, dókítà tí kò rí ibà rí lè pè é ní ọ̀fìnkìn kó ní kó lọ sùn. Ọmọ náà ni kó kọ́kọ́ sọ pé, "Nàìjíríà ni mo ti wá, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún ibà." Kó má sì retí pé òun á rìn wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn bíi ti kẹ́místì àdúgbò wa kí wọ́n ka oríṣiríṣi oògùn mélòó kan sínú ọ̀rá fún òun. Láìsí ìwé dókítà, wọn kò ní ta oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotics) fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹrù kò gba àlàyé púpọ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ìyá Ẹ̀gbá tí yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ láìgbé láfún dání, n kò sì ní kí wọ́n má gbé e. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun funfun nínú ọ̀rá tí kò ní àkọlé kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi hàn aṣọ́bodè. Ẹ lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Gàrí àti ẹja gbígbẹ sábà máa ń kọjá. Ẹran, pọ̀mọ́, kílíṣí, èso tútù àti irúgbìn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀. Kó kéde gbogbo oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kéde tí wọ́n sì gbà á sílẹ̀ kò jẹ̀bi, ẹni tó fi pamọ́ ni wọ́n ń bu owó ìtanràn lé. Ìwé I-20 tí yunifásítì fún un láti fi gba físà, lẹ́tà ìgbaniwọlé àti ìwé àjẹsára kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpò ńlá, àpò ọwọ́ ni wọ́n ń bá lọ. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù sílẹ̀ nílé, nítorí iná tiwọn jẹ́ 120 fóltì, tiwa jẹ́ 230, kẹ́tùlù wa kò sì ní lè lò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin agbára rẹ̀ lọ níbẹ̀. Kóòtù òtútù náà, kó lọ rà á níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ tí wọ́n ti lò, irú èyí tí à ń pè ní òkiríkà. Èyí tí a ń tà ní Abẹ́òkúta, ọyẹ́ ló mọ̀, kò mọ òtútù Iowa tí omi fi ń dì ní gbangba. Bó bá ń rìnrìn àjò ní ìgbà òtútù yẹn, kó má pa ẹ̀rọ ìmúlé-móoru pátápátá, kí omi má baà dì nínú páìpù, kó bẹ́, kó sì di gbèsè sí i lọ́rùn.

Oúnjẹ kò ní wọ́n ọn tó bí àwọn ìyá ṣe rò. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà àti ti àwọn ará Mẹ́síkò ń ta ata rodo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ẹ̀gẹ́, nígbà mìíràn iṣu pàápàá. Wàhálà wà nínú sísè é. Gbogbo ilé ló ní ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín lókè àjà, bí ọmọ Ẹ̀gbá bá sì gbé epo pupa kaná títí tí pupa rẹ̀ fi lọ, kó lè se ata ọ̀fadà, ẹ̀rọ náà yóò han, gbogbo ayálégbé yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú òtútù pẹ̀lú aṣọ oorun, ọkọ̀ panápaná yóò sì dé. Kó ṣí fèrèsé, kó tan fáànù orí ààrò, kó dín iná kù, kó má ṣe fi ọ̀rá bo ẹ̀rọ náà o, nítorí wọ́n lè torí ìyẹn lé e jáde nílé.

Níbi tí mo fẹ́ kí àwọn òbí ti fi ara balẹ̀ gbọ́ mi nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lo F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju 20 wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́, inú ọgbà yunifásítì sì ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà, láìjẹ́ pé ó gba àṣẹ ọ̀tọ̀. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ wọn fi lélẹ̀ láti ọdún 2009 ni 7.25 dọ́là ní wákàtí kan. Lóòótọ́, ìpínlẹ̀ mìíràn ń san jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Iowa, Kansas àti Indiana kò fi kún un. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 145 dọ́là lọ́sẹ̀, kí wọ́n tó yọ owó orí, kó tó jẹun, kó tó sanwó ilé. Inú èyí ni a ti ń retí pé kó fi owó òrùlé ilé ránṣẹ́ ní oṣù kẹta tó dé ibẹ̀? Nígbà tí ìpè láti ilé bá pọ̀, ọmọ á lọ ṣiṣẹ́ níta lọ́nà ẹ̀bùrú, á máa gba owó lọ́wọ́ láìsí àkọsílẹ̀, tàbí kó fi nọ́ńbà Social Security ẹlòmíràn, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀, ṣiṣẹ́. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀tọ́ tó fi ń gbé ibẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, ìwé tí gbogbo ẹbí dáwó fún sì lè dúró sójú kan náà. Ẹni tó fẹ́ owó gidi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kó ní sùúrù títí tí yóò fi parí ẹ̀kọ́. Òfin fún un ní oṣù méjìlá láti fi ṣiṣẹ́ lórí ohun tó kọ́, ó sì lè gba oṣù mẹ́rìnlélógún sí i bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò.

Gbájúẹ̀ mìíràn tún wà tó ń pe ọmọ àlejò lórí fóònù, tí yóò ní òun jẹ́ òṣìṣẹ́ owó orí tàbí ti àwọn aṣọ́bodè, pé wọ́n ń bọ̀ wá mú un àfi bó bá ra káàdì ẹ̀bùn kó sì ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fún òun. Kò sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó bẹ́ẹ̀. Kó gbé fóònù sílẹ̀. Owó orí gidi ní ìwé tirẹ̀: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó ń lo F-1 ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù 8843 ránṣẹ́ lọ́dọọdún, bí kò tilẹ̀ pa kọ́bọ̀, ẹni tó bá sì gbowó oṣù gbọ́dọ̀ ti ṣe tirẹ̀ kí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin tó kọjá. Kó mọ̀ pẹ̀lú pé iye tí wọ́n kọ sára ọjà kọ́ ni yóò san, torí ìdí káńtà ni wọ́n ti máa ń fi owó orí kún un, àti pé ní ilé oúnjẹ tí agbáwo ti ń gbé oúnjẹ fún un, ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń retí kó fi lé e fún agbáwo. Igbó mímu kò jẹ̀bi mọ́ nínú òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ṣì kà á léèwọ̀, àlejò tó bá sì fọwọ́ kàn án lè má rí ọ̀nà wọ ibẹ̀ mọ́.

Nínú kíláàsì, ìkíni àti ìtẹríba wa kò ní pa á lára, àmọ́ kí ó má wolẹ̀ nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí kò wojú wọn ni wọ́n rò pé kò fetí sílẹ̀ tàbí pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tó ń jókòó sí ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ìbéèrè. Kó lọ. Ẹni tó ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" sí ohun tí kò yé e, olùkọ́ yóò gbà pé ó yé e ni. Gbólóhùn tó bá mú nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn láìdárúkọ onítọ̀hún, olè jíjà ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde nítorí rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpè. Bí agogo méje òwúrọ̀ bá lù ní Abẹ́òkúta, agogo kan òru ni ní Ames nígbà ooru wọn, nígbà òtútù sì rèé, ọ̀gànjọ́ gan-an ni, nítorí wọ́n máa ń yí aago wọn padà ní oṣù kẹta àti oṣù kọkànlá. Ẹ̀yin òbí, agogo mẹ́ta ọ̀sán sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa ló dára fún ìpè, ọmọ yóò ti jí, kò sì ní tíì jáde jìnnà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, ni pé kí ẹ yọ̀ǹda igun kan nínú ìwé ìròyìn yín láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, kí àwọn òbí máa fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí ilé, ìlera àti iṣẹ́, kí àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí sì máa dáhùn ní èdè Yorùbá tí ìyá àti bàbá wọn lè kà. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, mo ṣe tán láti dáhùn ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.